Mo mọ ewu tó wà níbẹ̀, àmọ́ ẹnu mi kì í gbà á láti kọ̀

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni ọdún 29 ni mí, Ìbàdàn ni mò ń gbé, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe ní iléèwòsàn aládàáni kan. Èmi ni mo máa ń dá àwọn aláboyún lẹ́kọ̀ọ́ nípa HIV. Ṣùgbọ́n bí mo bá dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin, ẹnu mi kì í gbà á láti sọ pé kó lo kọ́ńdọ̀mù. Bó bá ti fajú ro báyìí, mo ti gbà. Bílẹ̀ bá mọ́, màá lọ ra Postinor, oògùn tó ń dènà oyún lẹ́yìn ìbálòpọ̀, màá sunkún, màá búra pé kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Kò ní pẹ́ tí màá tún fi ṣe é. Ọmọ ọdún 6 ni mí nígbà tí ìyá mi fi mí sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá àgbà, kò sì padà wá mú mi. Wòlíì kan ní ọkọ ọ̀run ló ń dà mí láàmú. Pásítọ̀ wa ní ẹ̀mí àgbèrè ni. Ọ̀rẹ́ mi kan ní London ní gbogbo rẹ̀ ti ìgbà èwe mi wá. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? Ṣé kí n sì sọ ọ́ fún ọkùnrin tí mò ń fẹ́ báyìí?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ọ̀rẹ́ rẹ tó wà ní London ló sún mọ́ ọn jù, àmọ́ kò tíì sọ ọ́ tán.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ìmọ̀ kúrò nílẹ̀. Kò sí ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ nípa HIV tí o kò tíì sọ fún ẹlòmíì. Láti ọdún pípẹ́ la ti ń lẹ pátákó mọ́ ògiri, tí à ń pín ìwé ìléwọ́, bí ẹni pé àìmọ̀ nìkan ló ń mú ènìyàn kó àrùn. Ẹ̀kọ́ wúlò, mi ò kó o dànù. Ṣùgbọ́n ìwọ tí ò ń kọ́ àwọn ẹlòmíì ló ń bi mí ní ìbéèrè yìí, torí náà ibòmíì ni ká lọ wò.

Ìṣẹ́jú kan péré ni mo fẹ́ ká wò, èyí tó wà láàárín ìgbà tó fajú ro àti ìgbà tí o gbà. Ọ̀pọ̀ obìnrin, àti ọkùnrin díẹ̀, ti ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, mo sì máa tò ó bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́. Wò ó bóyá ó jọ tìrẹ. O wà nílé rẹ̀, aago mẹ́wàá alẹ́ ti kọjá. O mẹ́nu kan kọ́ńdọ̀mù. Ó ní, “Ṣé o ò fọkàn tán mi ni?” Ó wá yíjú sí ògiri, ó mú fóònù rẹ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́. Kò bú ọ, kò gbé ohùn sókè. Ó kàn dákẹ́ ni. Àyà rẹ bẹ̀rẹ̀ sí í já. Ọwọ́ rẹ tutù. Ohun kan ṣoṣo ló kù lórí rẹ: báwo ni mo ṣe máa ṣe é tí á fi tún kọjú sí mi? Ọ̀nà tó yá jù láti mú kó kọjú sí ọ, o mọ̀ ọ́n.

Ní ìṣẹ́jú yẹn, kì í ṣe àrùn lò ń bẹ̀rù. Àrùn jìnnà. Bó bá tilẹ̀ wọ ara lálẹ́ yẹn, ó di ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí àyẹ̀wò tó lè rí i. Ẹ̀yìn ọkùnrin yẹn ló wà níwájú rẹ nísinsìnyí, òun ló sì ń bà ọ́ lẹ́rù. O kò gbàgbé ohun tí o kọ́ níléèwé nọ́ọ̀sì. Ẹ̀rù kan tó dàgbà ju ìwé-ẹ̀rí rẹ lọ ló gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀.

Jeffrey Young, onímọ̀ ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, tó bá Aaron Beck, dókítà ọpọlọ, ṣiṣẹ́ ní Philadelphia, ṣàkíyèsí pé àwọn kan wà tí irú ìtọ́jú tí Beck gbé kalẹ̀ kì í ràn tó. Bí o bá fi ẹ̀rí hàn wọ́n pé èrò wọn kò tọ̀nà, wọ́n á gbà pẹ̀lú rẹ. Orí wọn gbà, inú wọn ò gbà. Ohun tí Young rí lábẹ́ ìṣòro wọn ló pè ní schema: èrò kan tó ti wọ inú ènìyàn láti kékeré nípa irú ẹni tí òun jẹ́ àti ohun tí àwọn tó fẹ́ràn máa ṣe fún òun, tó sì ti wọlé débi pé kò rí i bí èrò mọ́. Bí ayé ṣe rí ló kà á sí. Irú 18 ni Young tò sílẹ̀. Ọ̀kan ń sọ pé kò sí ẹni tó máa dúró tì mí. Òmíràn ní àbùkù kan wà lára mi, ẹni tó bá mọ̀ mí dáadáa á kọ̀ mí. Òmíràn ní bí mo bá sọ ohun tí mo fẹ́, ìbínú tàbí ìyà ló máa tẹ̀lé e. Nínú lẹ́tà rẹ, ti àkọ́kọ́ àti ti ìkẹyìn yìí ni mo gbọ́ ohùn wọn jù. Mi ò rí ọ sójú o, àbá lèyí.

Àwọn àgbà ní ẹni tí ejò bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ẹsẹ̀ ti gbéra kí ojú tó mọ̀ pé ekòló ni. Ohun tó ṣòro nínú tìrẹ ni pé inú ewu lò ń sá sí, torí ohun tó bù ọ́ jẹ nígbà tí o wà lọ́mọ ọdún 6 kì í ṣe àrùn. Ẹnì kan ló kọ ẹ̀yìn sí ọ, tó lọ, tí kò sì padà.

Young tún sọ pé ọ̀nà 3 làwọn ènìyàn ń gbà bá irú èrò yẹn gbé, ó sì ṣe pàtàkì nítorí pé gbogbo wọn lè gbé ènìyàn dé ibi ewu kan náà. Ẹnì kan á juwọ́ sílẹ̀ fún un: bó bá jẹ́ ohun tí mo máa san nìyẹn kó má baà lọ, màá san án. Ìwọ nìyẹn. Ẹlòmíì á sá fún un. Ọtí, igbó, ìbálòpọ̀ pẹ̀lú ẹni tí kò mọ orúkọ rẹ̀, ohunkóhun tó bá ṣáà ti lè pa ariwo inú rẹ̀ lẹ́nu mọ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ìkẹta á ṣe òdì kejì rẹ̀ pátápátá. Mú ọmọkùnrin kan tí bàbá rẹ̀ ń pè ní ọ̀lẹ lójú àlejò, tó ń fi í wé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójoojúmọ́. Ó dàgbà, ó wá ń ka iye obìnrin tó bá sùn fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nídìí ọtí. Lójú irú ẹni bẹ́ẹ̀, obìnrin tó bá ní kó lo kọ́ńdọ̀mù ti fojú tín-ín-rín rẹ̀. Ìdí nìyí tó fi fajú ro. Bí òun àti irú ìwọ bá wà nínú yàrá kan, ẹ̀rù méjì ló pàdé, kò sì sí èyí tó ń ro ti HIV nínú wọn.

Ṣé ẹ̀rí wà fún gbogbo èyí? Ó wà. Ní 1998, Vincent Felitti, dókítà kan ní San Diego, àti Robert Anda ti CDC, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń gbógun ti àrùn, gbé ìwádìí kan jáde tí àwa tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ìtọ́jú ọkàn yìí kì í yé tọ́ka sí. Wọ́n bi àgbàlagbà tó lé ní 9,000 léèrè ohun tí ojú wọn rí kí wọ́n tó pé ọdún 18: ṣé wọ́n nà wọ́n ní ìnàkunà, ṣé ẹnì kan bá wọn ṣèṣekúṣe, ṣé ìyá wọn ń jẹ lílù, ṣé ọ̀mùtí tàbí ẹni tí ọkàn rẹ̀ dàrú wà nínú ilé, ṣé ẹnì kan nínú ilé ṣẹ̀wọ̀n rí. Àwọn tí 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣẹlẹ̀ sí, ewu pé wọ́n ti bá ènìyàn 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lò pọ̀, tàbí pé wọ́n ti kó àrùn ìbálòpọ̀ rí, tó ìlọ́po 2 sí 4 ti àwọn tí ìkankan kò ṣẹlẹ̀ sí. Bí ìyà ìgbà èwe ṣe ń pọ̀ sí i ni ewu náà ń ga sí i. Ní Nàìjíríà níbí, ìwádìí tí àjọ tó ń ka iye ènìyàn ṣe pẹ̀lú UNICEF àti CDC ní 2014 rí i pé ọmọbìnrin 1 nínú 4 àti ọmọkùnrin 1 nínú 10 ni wọ́n ti fi ìbálòpọ̀ ṣe léṣe kí wọ́n tó pé ọdún 18. O kò sọ pé irú rẹ̀ kàn ọ́, mi ò sì ní bi ọ́ níbi tí gbogbo ayé á ti kà á. Bó bá kàn ọ́, ẹni tó bá máa tọ́jú rẹ ni kí o sọ ọ́ fún.

Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn nirú ìṣirò bẹ́ẹ̀ ń sọ nípa wọn, kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo. Àìmọye ọmọ ló la iná kọjá tí wọ́n sì dàgbà láìní ìṣòro tìrẹ. Bí gbígbé lọ́dọ̀ ìyá àgbà bá sì jẹ́ àrùn, ìdajì àwa Yorùbá ni kì bá ti gbádùn! Mo ń sọ èyí nítorí mo mọ̀ pé àwọn kan á ní ẹ̀kọ́ òyìnbó la fẹ́ fi ba ìyá àgbà lórúkọ jẹ́. Mary Ainsworth, tó jẹ́ òpó kan nínú ẹ̀kọ́ nípa bí ọmọ ṣe ń fara mọ́ ẹni tó ń tọ́ ọ, abúlé tó wà nítòsí Kampala ní Uganda ló ti jókòó wo àwọn ìyá àti ọmọ ọwọ́ wọn ní 1954 sí 1955, kó tó ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Baltimore. Ohun tó rí ní ìlú méjèèjì kò ju pé ọmọ tí wọ́n ń kíyè sí, tí wọ́n sì ń dá lóhùn, ọkàn rẹ̀ máa ń balẹ̀.

Nítorí náà, má bi ara rẹ pé ta ló tọ́ mi. Bi ara rẹ pé bí mo bá sunkún lóru, ta ló jí? Kí ni wọ́n sọ fún mi nípa ìdí tí ìyá mi fi lọ? Mo fẹ́ kí o dúró díẹ̀ lórí ìbéèrè kejì yẹn. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó wà nípò tìrẹ ni wọn ò ṣàlàyé nǹkan kan fún. Ọ̀rọ̀ ìbínú àti àwàdà ni wọ́n fi há wọn létí: “Ìwàkiwà rẹ yìí ló lé ìyá rẹ lọ.” “Bí o bá tún tọ̀ sórí ẹní, màá dá ọ padà fún ẹni tí kò fẹ́ ọ.” Àgbàlagbà tó sọ ọ́ ti gbàgbé kí ọbẹ̀ tó jinná. Ọmọ gbé e lọ sùn. Ó gbà á gbọ́, torí ó sàn fún un kó gbà pé òun lòun ṣe ohun tó burú ju kó gbà pé kò sí ohun tóun lè ṣe. Láti ọjọ́ náà ló ti ń ṣe ọmọ dáadáa fún gbogbo ẹni tó bá sún mọ́ ọn. Kì í bínú. Kì í béèrè. Bó bá di ọmọ ọdún 29, ohun kan náà ló ń ṣe lórí bẹ́ẹ̀dì ọkùnrin.

Ó kan wòlíì àti pásítọ̀. Mi ò ní kí o fi ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀; àdúrà ń tu ọ̀pọ̀ lára, èmi náà ń gbà á. Ìṣòro mi pẹ̀lú ọkọ ọ̀run ni pé ó gbé ọ̀ràn náà lọ sọ́dọ̀ ẹni tí a kò rí, nígbà tó jẹ́ pé ẹni tí a rí ló yíjú sí ògiri. Bí o bá gbààwẹ̀ títí, o kò tíì kọ́ bí a ṣe ń fara da ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Ti ẹ̀mí àgbèrè ló bí mi nínú. Inú rẹ ti ń sọ tẹ́lẹ̀ pé bóyá àbùkù wà lára rẹ. Pásítọ̀ wá fi òǹtẹ̀ lù ú. Ẹni tí ìtìjú bá sì pọ̀ lọ́rùn rẹ̀ kì í lọ ṣàyẹ̀wò, kì í bá dókítà sọ̀rọ̀, kì í sì rò pé òun tó ẹni tó ń bá ọkùnrin dúnàá-dúrà. Àjọ Ìlera Àgbáyé to àìsàn kan sínú ICD-11, ìwé orúkọ àìsàn tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2019, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2022: ti ẹni tí kò lè kó ìfẹ́ ìbálòpọ̀ rẹ̀ níjàánu fún oṣù 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó fi ń ba ayé rẹ̀ jẹ́. Ìwé yẹn gan-an sọ pé bó bá jẹ́ pé ẹ̀bi tí ẹ̀sìn tàbí ìwà ọmọlúàbí ń dá ènìyàn nìkan ló ń dà á láàmú, ìyẹn kò tó láti ní ó ń ṣe é. Tìrẹ kò tilẹ̀ jọ ọ́. O kò wá ìbálòpọ̀ kiri. Kíkọ̀ ọ́ ni kò rọrùn fún ọ.

Ibi tí mo ti yapa sí ọ̀rẹ́ rẹ rèé: kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ti ìgbà èwe wá. Àwọn kan lára àwa tó ń ṣe iṣẹ́ yìí, bí wọ́n bá ti ka schema tán, gbogbo nǹkan ló di ìyá àti bàbá. Ìwádìí ńlá tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 2018 fi hàn pé láàárín àwọn ẹni ọdún 15 sí 49, obìnrin tó ní HIV jẹ́ 1.9 nínú 100, ọkùnrin sì jẹ́ 0.9. Kì í ṣe pé ìgbà èwe obìnrin burú ní ìlọ́po méjì ti ọkùnrin. Ara obìnrin ń tètè gba kòkòrò náà, owó àti àṣẹ sì wà lọ́wọ́ ọkùnrin. Nítorí náà mo ní ìbéèrè fún ọ. Ta ló ń san owó ilé rẹ? Bí o bá fẹ́ kúrò nílé rẹ̀ ní aago mọ́kànlá alẹ́, ṣé owó ọkọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ? Ṣé ọtí máa ń wà níbẹ̀? Ọtí kì í jẹ́ kí ènìyàn rí ju ohun tó wà lójú ẹsẹ̀ lọ, ojú ẹsẹ̀ sì ni ẹ̀rù rẹ wà. Èyí tó wúwo jù: ṣé ó ti gbé ọwọ́ sí ọ rí? Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, kò sí schema kankan nínú dídákẹ́ rẹ, ọgbọ́n ni. Ohun tí o sì nílò ni kí o kúrò níbẹ̀ láìfarapa, ọ̀rọ̀ ìgbà èwe lè dúró.

Ara rẹ ló kọ́kọ́ kàn. Nọ́ọ̀sì ni ọ́, mi ò ní fi àsìkò rẹ ṣòfò. Postinor kò kan HIV, kò kan àtọ̀sí. Oògùn PEP, tó ń dènà HIV lẹ́yìn tí ewu bá ti ṣẹlẹ̀, tí ẹ máa ń sáré fún ẹni tí abẹ́rẹ́ gún lẹ́nu iṣẹ́ wà fún ìwọ náà, láàárín wákàtí 72, ọjọ́ 28 ni o máa lò ó. Ó jọ mí lójú pé nọ́ọ̀sì tó mọ èyí sórí kì í ronú kàn án lọ́jọ́ tí ọ̀ràn bá dé bá òun fúnra rẹ̀. Ṣe àyẹ̀wò HIV nísinsìnyí, kí o tún un ṣe lẹ́yìn oṣù 3 sí ìgbà ìkẹyìn tó ṣẹlẹ̀. Fi ti sífílíìsì àti hẹpatáítì B kún un. Béèrè nípa PrEP pẹ̀lú, oògùn tí à ń lò ṣáájú kí HIV má baà ranni, èyí tí kò dúró de ìyọ̀ǹda ọkùnrin kankan. Bí ojú bá ń tì ọ́ níbi iṣẹ́ rẹ, lọ sí ibòmíì.

Lẹ́yìn náà, má ṣe dúró de ìṣẹ́jú yẹn mọ́ kí o tó pinnu. Ìpinnu tí o bá fi sílẹ̀ di aago mẹ́wàá alẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì, ọmọ ọdún 6 ló máa ṣe é. Fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ lọ́sàn-án, láti yàrá rẹ: “Mò ń bọ̀ lálẹ́. Kọ́ńdọ̀mù wà lọ́wọ́ mi, láìsí i mi ò ní ṣe o.” Má ṣàlàyé, má tọrọ gáfárà. Bó bá bínú, inú yàrá tìrẹ ni o wà. Àyà rẹ á já, ọwọ́ á tutù, á máa ṣe ọ́ bíi kí o pè é kí o bẹ̀ ẹ́. Má pè é. Jókòó tì í. Ìpayà yẹn máa ń ga, ó sì máa ń rọlẹ̀ fúnra rẹ̀ bí ènìyàn kò bá ṣe nǹkan kan láti pa á. O kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ torí pé gbogbo ìgbà tó bá ti bẹ̀rẹ̀ ni o ti máa ń gbà. Bó bá ti rọlẹ̀ lójú rẹ lẹ́ẹ̀kan, ẹlẹ́ẹ̀kejì á yàtọ̀. Jẹ́ kí owó ọkọ̀ wà nínú báàgì rẹ, kí ọ̀rẹ́ kan sì mọ ibi tí o wà.

Èyí máa dáàbò bò ọ́, kò ní wo gbòǹgbò. Ti gbòǹgbò gba ìtọ́jú, ó sì lè tó ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní UCH, iléèwòsàn ńlá Ìbàdàn, béèrè fún clinical psychologist, ìyẹn onímọ̀ ìrònú tó ń tọ́jú ènìyàn. Bí o bá gbọ́ Aro, iléèwòsàn ọpọlọ ní Abẹ́òkúta, tí àyà rẹ já pé àwọn ènìyàn á ní o ti ya wèrè, rántí pé Adéoyè Lambo, dókítà ọpọlọ tó darí ibẹ̀ láwọn ọdún 1950, ló ní kí àwọn aláìsàn máa gbé láàárín abúlé pẹ̀lú ẹbí wọn, kì í ṣe inú àgádágodo. Nínú irú ìtọ́jú tí mò ń sọ yìí, wọ́n lè ní kí o dijú, kí o padà sí ọjọ́ tí ìyá rẹ gbé báàgì, kí o wá jẹ́ kí ìwọ tí o ti dàgbà yìí wọlé, kí o sọ fún ọmọ náà ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún un. Àwọn kan máa ń fi í rẹ́rìn-ín tí mo bá kọ́kọ́ mẹ́nu kàn án. Iṣẹ́ ló ń ṣe, nítorí pé kí ọ̀rọ̀ tó pọ̀ lẹ́nu rẹ ni ẹ̀rù yẹn ti wọlé, àlàyé lásán kì í dé ibi tó wà.

Ní ti ọkùnrin tí ò ń fẹ́: má tíì kó ìtàn ìgbà èwe rẹ fún un. Kì í ṣe pé ó jẹ́ àṣírí. Ẹni tó ń bẹ̀rù pé wọ́n máa fi òun sílẹ̀ máa ń yára tú gbogbo inú rẹ̀ síta kí wọ́n lè ṣàánú rẹ̀, bí ẹni ọ̀hún kò bá sì jẹ́ ẹni rere, ohun tó máa fi dè é ló ti gbé fún un yẹn. Àyẹ̀wò ni kí o kọ́kọ́ bá a sọ, kí ẹ̀yin méjèèjì lọ pa pọ̀. Wo bó ṣe máa dáhùn. Bó bá béèrè ìdí, tó sì gbọ́ àlàyé, tó wá bá ọ lọ, bóyá ẹni tí o lè sọ ìyókù fún lọ́jọ́ iwájú nìyẹn. Bó bá ní òun ò lọ, o ti gbọ́ èsì. Má dúró dè é, lọ ṣe tìrẹ ní ọjọ́ Ajé.